Ẹ̀dá Inú Igbó tí Kámẹ́rà Kò Gbọdọ̀ Rí Tán

Ní ogúnjọ́ oṣù kẹwàá ọdún 1967, ọkùnrin méjì gun ẹṣin wọ inú igbó kan ní àríwá ìpínlẹ̀ California, lẹ́bàá odò kékeré tí wọ́n ń pè ní Bluff Creek. Roger Patterson ni orúkọ ọ̀kan, Bob Gimlin ni èkejì. Ẹ̀dá kan tí àwọn ará agbègbè náà máa ń ròyìn ni wọ́n ń wá: abàmì gìrìwò onírun lára, tó ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn bí ènìyàn, tí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi débi pé Bigfoot, ẹlẹ́sẹ̀ ńlá, ni wọ́n sọ ọ́. Kámẹ́rà 16mm tí Patterson yá ló gbé dání. Wọ́n ní bí àwọn ṣe yọ sí etí odò náà ni àwọn rí i, tí ẹṣin ta gìrì, tí Patterson sì bọ́ sílẹ̀ tó ń sáré tẹ̀lé e pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́wọ́. Àwòrán tó yà kò pé ìṣẹ́jú kan. Ó ń gbọ̀n, ó ń ṣe bàìbàì, àfi ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tí ohun dúdú kan ń rìn lọ láàárín igi tó ti wó, tó bojú wẹ̀yìn wo ẹni tó ń yà á, tó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àríyànjiyàn tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà kò tíì parí. Àwọn kan ti yẹ ìrìn ẹ̀dá náà wò ní ìṣísẹ̀-ìṣísẹ̀, wọ́n ní ènìyàn kò lè rìn báyẹn. Àwọn mìíràn ní aṣọ onírun lásán ni, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bob Heironimus sì jáde sọ ní gbangba pé òun ni òun wọ aṣọ náà. Patterson kú ní ọdún 1972 láì yí ohùn padà. Gimlin náà dúró lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹjọ́ yẹn kọ́ ni ó kan àwọn tó ń ṣe fíìmù. Ohun tó kàn wọ́n ni agbára tí àwòrán kúkúrú náà ní. Ó fi hàn pé àwòrán tó ń gbọ̀n, tí kò mọ́, tí ẹni tó ń yà á fúnra rẹ̀ ti há sínú ìbẹ̀rù, lè mú ara ènìyàn bù máṣọ ju èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá fi owó tabua ṣe lọ. Ká ní ó mọ́ kedere ni, ojú ì bá ti máa wá ibi tí wọ́n ti rán aṣọ náà.

Oríṣi fíìmù kan jáde láti inú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ tí ayé ń pè ní found footage, tí a ó máa pè ní fíìmù àríhe níhìn-ín. Fíìmù àríhe ń díbọ́n pé òun kì í ṣe fíìmù. Ohun tó ń sọ fún òǹwòran ni pé àwọn kan gbé kámẹ́rà lọ síbì kan, nǹkan ṣẹlẹ̀ sí wọn, wọn kò padà wálé, tẹ́ẹ̀pù tí wọ́n ká ohùn àti àwòrán sí nìkan ni wọ́n rí he. Nítorí náà, gbogbo ohun tí ojú bá rí gbọ́dọ̀ ti inú kámẹ́rà tí ẹnì kan nínú ìtàn náà gbé dání wá. Kò sí orin tí ń sọ fún ènìyàn pé ibi ń bọ̀. Kò sí ojú mìíràn tí ń wo òṣèré láti orí igi. Ohun tí àwọn inú ìtàn kò bá mọ̀, òǹwòran náà kò ní mọ̀ ọ́n.

Fún ẹni tó bá ti ka D. O. Fágúnwà, ọgbọ́n yìí kò ní jẹ́ àjèjì pátápátá. Nínú *Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀*, tó jáde ní ọdún 1938, Fágúnwà kò sọ pé òun ni òun ronú ìtàn náà. Àgbà ọdẹ kan ló wá bá akọ̀wé nílé, tó ní kó mú gègé àti ìwé, kó máa kọ ohun tí òun fojú ara òun rí sílẹ̀. Ẹni tó ti igbó dé ló ń jẹ́rìí. Akọ̀wé kàn gba ẹ̀rí sílẹ̀ ni. Iṣẹ́ tí àgbà ọdẹ náà ń ṣe nínú ìwé ni kámẹ́rà ń ṣe nínú fíìmù àríhe.

Igbó ni àwọn tó ń ṣe fíìmù àríhe sábà máa ń yàn, ìdí rẹ̀ kò sì fara sin. Igi kì í gba owó iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù nínú ìlú yóò sanwó ilé, yóò sanwó ọ̀nà tó bá dí, yóò tún tan iná tó pọ̀. Nínú igbó, òòrùn ni iná ọ̀sán, tọ́ọ̀ṣì orí kámẹ́rà sì ni iná òru. Àwọn igi tó ṣù bo ara wọn máa ń dí ojú. Ìró lè ti ibikíbi wá. Ìtàn ti wà nílẹ̀ kí kámẹ́rà tó dé, nítorí kò sí ilẹ̀ tí kò ní ẹ̀dá kan tí wọ́n ní ó ń gbé inú igbó rẹ̀. Àwọn ẹ̀yà tó ni ilẹ̀ ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà kí òyìnbó tó dé ti ń sọ ìtàn irú ẹ̀dá onírun bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ní ọdún 1958, àwọn òṣìṣẹ́ tó ń la ọ̀nà ní Bluff Creek kan náà rí ojú ẹsẹ̀ ràgàjì nínú ẹrẹ̀, ìwé ìròyìn *Humboldt Times* gbé e jáde, orúkọ Bigfoot sì tàn kálẹ̀. Nígbà tí agbaṣẹ́ṣe kan tó wà nídìí iṣẹ́ ọ̀nà náà, Ray Wallace, kú ní ọdún 2002, àwọn ẹbí rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ onígi tí wọ́n gbẹ́ síta, wọ́n ní òun ló ń fi í tẹ ẹrẹ̀. Síbẹ̀ àwọn tó gbàgbọ́ kò dín kù.

Ẹni tó kọ́kọ́ rí owó gidi nídìí irú ìtàn báyìí ni Charles B. Pierce, ará Texarkana, tó ń ṣe iṣẹ́ ìpolówó ọjà. Ní ọdún 1971, ìròyìn jáde láti Fouke, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Arkansas, pé ẹ̀dá onírun kan kọlu ilé ìdílé kan lóru. Pierce yá owó, ó lọ sí Fouke, ó sì ní kí àwọn ará ìlú náà fúnra wọn wá sọ ohun tí wọ́n rí, kí àwọn kan nínú wọn tún ṣe é lójú kámẹ́rà. *The Legend of Boggy Creek* jáde ní ọdún 1972. Nǹkan bí 160,000 dọ́là ni wọ́n fi ṣe é. Owó tó pa wọlé lé ní 20 mílíọ̀nù. Kì í ṣe fíìmù àríhe ní kíkún, nítorí ó ní orin, ó sì ní ẹni tó ń sọ ìtàn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ tó ń fi ìka tọ́ka sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀, tí ahọ́n rẹ̀ kò já geere nítorí pé kò ṣe eré rí, ni ó mú kí àwọn ọmọdé tó wo fíìmù náà máa bẹ̀rù àti jáde lóru. Méjì nínú àwọn ọmọ ìgbà náà ni Daniel Myrick àti Eduardo Sánchez, tí wọ́n dàgbà tán tí wọ́n dá Haxan Films sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ wọn.

Fíìmù tí Myrick àti Sánchez ṣe ní oṣù kẹwàá ọdún 1997 ni a lè fi ṣàlàyé gbogbo iṣẹ́ yìí, nítorí náà ó yẹ kí a fara balẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n hun ìtàn àjẹ́ kan pọ̀ tí kò sí tẹ́lẹ̀ rárá, wọ́n gbé e sí Burkittsville, ìlú kan tó wà ní ti gidi ní ìpínlẹ̀ Maryland, wọ́n fún un ní ọjọ́ orí, ní orúkọ àwọn tí ọwọ́ rẹ̀ ti bà, àti ní ọmọdé tó sọnù. Ìwé ìtàn tí wọ́n kọ kò ní ọ̀rọ̀ ẹnu nínú. Ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń dán òṣèré wò, wọn kò kí ẹni tó bá wọlé. Wọ́n á kàn sọ fún un pé ó ti lo ọdún gbọọrọ lẹ́wọ̀n, kí ó sọ ìdí tí ó fi yẹ kí àwọn tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá dúró béèrè àlàyé ti pàdánù iṣẹ́ náà. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ lójú ẹsẹ̀ ni wọ́n ń wá, nítorí pé nínú igbó, kò ní sí ẹni tí yóò fi ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu.

Heather Donahue, Joshua Leonard àti Michael C. Williams ni wọ́n mú. Orúkọ wọn gan-an ni wọ́n fi jẹ́ nínú fíìmù. Wọ́n kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń lo kámẹ́rà fídíò kékeré kan, kámẹ́rà 16mm tí àwòrán rẹ̀ jẹ́ dúdú àti funfun, àti ẹ̀rọ ìgbohùn. Wọ́n sì rán wọn wọ inú ọgbà igbó Seneca Creek fún ọjọ́ mẹ́jọ. Àwọn òṣèré wọ̀nyí ni wọ́n ya gbogbo fíìmù náà. Kò sí olùdarí lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ̀rọ GPS ló ń júwe ọ̀nà fún wọn dé ibi tí wọ́n ti gbé àpótí kan pa mọ́. Nínú àpótí náà ni bátìrì tuntun, oúnjẹ, àti ìwé kékeré fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wà. Òṣèré kì í mọ ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹnì kejì. Ọ̀kan lè kà pé kí òun fi àáké kọ́rí pé ìhà gúúsù ni kí wọ́n gbà, kí èkejì má sì mọ ìdí tí ọ̀rẹ́ òun fi ya olóríkunkun lójijì. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn kò ní àfarawé púpọ̀ nínú.

Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ ni oúnjẹ inú àpótí ń dín kù. Òjò ń rọ̀, aṣọ ń tutù sí wọn lára. Bí wọ́n bá sùn lóru, àwọn olùdarí á yọ́ wá, wọ́n á ṣẹ́ igi, wọ́n á gbé ohùn ọmọdé tó ń ṣeré sáfẹ́fẹ́ láti inú ẹ̀rọ, wọ́n á gbá àgọ́ tí wọ́n sùn sí mú, wọ́n á mì ín jìgìjìgì. Àwọn mẹ́ta náà mọ̀ pé fíìmù ni, wọ́n sì mọ̀ pé àwọn olùdarí kò jìnnà. Ṣùgbọ́n ara tí ebi ń pa, tí kò rí oorun sùn, kì í dúró gbọ́ ohun tí ọpọlọ mọ̀. Ìgbà tí Heather ń sáré nínú òkùnkùn tó ń pariwo, èémí rẹ̀ ló ń gbé fíìmù náà rìn.

Àjẹ́ náà kò yọjú títí fíìmù fi parí. Ohun tí òǹwòran rí kò ju òkúta tí wọ́n kó jọ sójú àgọ́ lọ, àti ère tí wọ́n fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ so tí wọ́n fi kọ́ sórí igi, àti ọkùnrin kan tó dúró tó kọjú sí igun ògiri. Ère igi yẹn kò ná wọn ní kọ́bọ̀ kan tó ṣe é dárúkọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló rò pé ibi tí iṣẹ́ pin sí nìyẹn. Ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ gan-an ni. Nǹkan bí wákàtí 20 àwòrán ni àwọn òṣèré gbé jáde láti inú igbó, Myrick àti Sánchez sì fi ọ̀pọ̀ oṣù gé e títí ó fi kù nǹkan bí 80 ìṣẹ́jú. Èrò wọn àkọ́kọ́ ni pé kí ó jẹ́ ètò ìwádìí tí àwọn ọ̀mọ̀ràn, ọlọ́pàá àti oníròyìn yóò ti máa sọ̀rọ̀, kí àwòrán inú igbó sì kàn jẹ́ apá kan rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń gé e ni wọ́n rí i pé gbogbo àlàyé yẹn ń bu omi tútù sí ìbẹ̀rù. Wọ́n yọ ọ́ kúrò. Ìpinnu yẹn gba ìgboyà, nítorí owó àti àkókò ti wọ inú ohun tí wọ́n gé sọnù. A sì lè sọ láìṣẹ̀ pé òun ló gba fíìmù náà là. Èyí tí wọ́n yọ kò ṣòfò pátápátá. Wọ́n tún un tò sí ètò tẹlifíṣọ̀n tó jáde ní ọdún 1999 kí fíìmù tó dé sinimá, tó ń ṣàlàyé ìtàn àjẹ́ náà bí ẹni pé òótọ́ ni.

Wọ́n tún ṣí ìkànnì kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé ohun tí wọ́n bá kà níbẹ̀ kò lè jẹ́ irọ́. Ìròyìn ọlọ́pàá, fọ́tò, ìwé àkọsílẹ̀ Heather, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ní àjọ̀dún fíìmù Sundance ní oṣù kìíní ọdún 1999, wọ́n lẹ ìwé káàkiri tó ní àwòrán àwọn mẹ́ta náà, pé wọ́n ti sọnù. Ilé-iṣẹ́ Artisan ra fíìmù náà ní 1.1 mílíọ̀nù dọ́là. Owó tó pa wọlé káàkiri ayé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 250 mílíọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún mẹ́wàá dọ́là bí mélòó kan ni wọ́n fi gbé kámẹ́rà wọ igbó. Àwọn òǹwòran kan bì nínú sinimá nítorí àwòrán tó ń mì. Ní Burkittsville, àwọn ènìyàn ń jí pátákó orúkọ ìlú náà gbé lọ. Ìyá Heather gba káàdì ìbánikẹ́dùn nílé, nígbà tí ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Káàdì yẹn gbé ìbéèrè kan dìde tí àwọn tó ń ṣe irú fíìmù yìí kò lè sá fún: ibo ló yẹ kí irọ́ náà dúró sí? Irú ìbéèrè yìí ti bá ẹlòmíràn ṣáájú wọn. Ní ọdún 1980, ará Ítálì kan, Ruggero Deodato, ṣe *Cannibal Holocaust* nínú igbó Amazon ní Kòlóńbíà, ó sì ní kí àwọn òṣèré rẹ̀ fara pamọ́ kí ayé lè gbà pé wọ́n ti kú. Ìjọba Ítálì gbá a mú lórí ẹ̀sùn ìpànìyàn, ẹ̀sùn náà kò sì kúrò lórí rẹ̀ àfi ìgbà tó mú àwọn òṣèré náà jáde láàyè. Ohun tó burú jù nínú fíìmù yẹn kì í tilẹ̀ ṣe irọ́: wọ́n pa ẹranko ní ti gidi lójú kámẹ́rà, kò sì sí àwáwí kan tó lè wẹ ìyẹn nù.

Ó yẹ kí a dárúkọ *The Last Broadcast* náà, tí Stefan Avalos àti Lance Weiler ṣe ní ọdún 1998, ọdún kan ṣáájú kí àjẹ́ Maryland tó dé sinimá. Abàmì inú igbó Pine Barrens ní New Jersey, tí wọ́n ń pè ní Jersey Devil, ni àwọn inú ìtàn náà wá lọ. Nǹkan bí 900 dọ́là ni gbogbo fíìmù náà ná wọn. Wọ́n gé e lórí kọ̀ǹpútà ilé, wọ́n sì fi sátẹ́láìtì ta á sí àwọn sinimá ní ìlú bíi mélòó kan, nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ṣì ń fi ọkọ̀ kó páálí fíìmù kiri.

Lẹ́yìn ọdún 1999 ni kámẹ́rà tú sínú gbogbo igbó. Ọ̀pọ̀ nínú fíìmù tó tẹ̀lé e kò dára, ẹ̀bi náà kò sì sí lọ́wọ́ àìlówó. Àwọn tó ṣe wọ́n rò pé bí àwòrán bá ti ń mì, tí ẹnì kan ń ké, ó ti tó. Wọn kò dáhùn ìbéèrè tí òǹwòran ń bi ara rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ẹni tí ikú ń lé, kí ló dé tí kò ju kámẹ́rà nù? Fíìmù tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ máa ń ní èsì. Nínú òkùnkùn birimù, iná orí kámẹ́rà lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní. Ó lè jẹ́ pé ẹni náà fẹ́ kí ẹ̀rí wà bí òun kò bá padà dé. Ti Heather tilẹ̀ wọni lára jù: Joshua sọ fún un pé ohun tó bá ń wò láti inú kámẹ́rà kì í jọ òótọ́ mọ́, nítorí náà ló ṣe ń fi ojú pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀.

Ní ọdún 2013 ni Bobcat Goldthwait, tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí aláwàdà, padà sí orísun ìtàn Bigfoot gan-an pẹ̀lú *Willow Creek*. Ìlú Willow Creek kò jìnnà sí ibi tí Patterson ti ya àwòrán rẹ̀. Ère Bigfoot wà níbẹ̀, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé rẹ̀ ní iyàrá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀dá náà, wọ́n sì ń ṣe ọdún rẹ̀ lọ́dọọdún. Ìtàn fíìmù náà kò ṣòro: Jim gbàgbọ́, Kelly ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ kò gbàgbọ́, wọ́n sì jọ ń lọ sí Bluff Creek láti ya fídíò. Apá àkọ́kọ́ kún fún àwọn ará ìlú náà, tí wọ́n ń sọ èrò ọkàn wọn lórí Bigfoot. Goldthwait kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ yẹn ló ń jẹ́ kí òǹwòran bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó pé bóyá nǹkan kan wà níbẹ̀ lóòótọ́, bí Pierce ṣe mọ̀ ní Fouke ní ogójì ọdún ṣáájú.

Lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ ṣú. Jim àti Kelly wà nínú àgọ́, kámẹ́rà jókòó síwájú wọn, kò sì mì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 19 tí wọn kò gé e rárá. Láti ọ̀nà jíjìn ni nǹkan kan ti kọ́kọ́ lu igi, kó! Ìdákẹ́jẹ́. Ó tún lù ú. Ohùn kan tó jọ ti obìnrin tó ń sunkún gba inú igbó wá. Ẹsẹ̀ ń sún mọ́ tòsí. Ohun kan fi ara kan àgọ́. Ojú àwọn òṣèré méjì, Bryce Johnson àti Alexie Gilmore, ni gbogbo ohun tí òǹwòran ń rí, ó sì ń fi etí wá ohun tí wọ́n ń fi etí wá. Kò sí ibì kan nínú gbogbo fíìmù Bigfoot tó tó ìran yìí. Aṣọ onírun tó wọ́n jù lọ ní Hollywood kò lè ṣe ohun tí igi tí wọ́n lù nínú òkùnkùn yẹn ṣe.

Ìdí ni pé Goldthwait kò ṣàdéédé yan ìró wọ̀nyẹn. Àwọn tó ń wá Bigfoot nínú igbó ti sọ tipẹ́ pé ó máa ń lu igi láti bá irú rẹ̀ sọ̀rọ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ni àwọn ohùn kan tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí òkè Sierra Nevada ti ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàárín wọn, tí wọ́n ní igbe ẹ̀dá náà ni. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí mọ̀ kí Jim tó sọ̀rọ̀ pé ó ti dé. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n náà kò ní sùn dáadáa. Nínú iṣẹ́ yìí, owó díẹ̀ tó bá wà, orí ohùn ló yẹ kí ó lọ: ẹ̀rọ ìgbohùn tó dára, àti ẹni tó ní sùúrù láti to ìró pọ̀. Àwòrán lè bàjẹ́, kí òǹwòran sì fara mọ́ ọn. Bí ohùn bá bàjẹ́, yóò dìde.

Sánchez fúnra rẹ̀ padà sídìí iṣẹ́ náà ní ọdún 2014 pẹ̀lú *Exists*. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi Bigfoot hàn gbangba; Brian Steele, tó ti wọ aṣọ abàmì nínú ọ̀pọ̀ fíìmù, ló ṣe é. Aṣọ náà dára, eré sísá pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù náà kì í bá ènìyàn délé.

Nọ́wè nìkan ni wọ́n ti fi ẹ̀dá inú igbó hàn tán tí ó sì yọrí sí rere. *Trolljegeren*, tí André Øvredal darí ní ọdún 2010, kò kéré níye bí ti àwọn yòókù. Mílíọ̀nù dọ́là bíi mélòó kan ni wọ́n ná, torí kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ya àwọn troll, òmìrán inú igbó àti orí òkè tí gbogbo ọmọ Nọ́wè ti gbọ́ àlọ́ wọn láti kékeré. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga Volda ló ń tẹ̀lé ọkùnrin kan tí wọ́n rò pé ó ń pa béárì láìgbàṣẹ. Wọ́n wá rí i pé ìjọba ló gbà á láti máa pa àwọn troll tó bá jáde kúrò ní ààlà wọn. Øvredal kò fi ohunkóhun sílẹ̀ nínú àlọ́ náà: troll ń gbóòórùn ẹ̀jẹ̀ onígbàgbọ́, ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń sọ ọ́ di òkúta. Àrà tó dá ni pé ó fi gbogbo rẹ̀ sí ẹnu òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti rẹ̀, tó ní fọ́ọ̀mù láti kún lẹ́yìn troll kọ̀ọ̀kan tó bá pa. Àwọn wáyà iná ńlá tó gba orí òkè Nọ́wè kọjá di ọgbà tí wọ́n fi ń sé àwọn troll mọ́.

Ní òpin fíìmù náà, Jens Stoltenberg, tó jẹ́ olórí ìjọba Nọ́wè nígbà náà, jáde lójú àwòrán tó ń sọ̀rọ̀ nípa Troll. Òun gan-an ni. Kò ṣeré fún ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti ń wa epo àti gáàsì lójú òkun Nọ́wè ló ń jẹ́ Troll, òun ló ń sọ nípa rẹ̀ fún àwọn oníròyìn. Øvredal kàn gé e sí ibi tó yẹ. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín fíìmù yìí àti *Exists* ni pé Øvredal fi òtítọ́ yí ẹ̀dá rẹ̀ ká ní gbogbo ọ̀nà: ìwé àṣẹ, ojú ọjọ́, ọkọ̀ jàgbà-jagba, olórí ìjọba. Òǹwòran mọ̀ pé kò sí troll. Ó sì gba gbogbo ohun tó kù gbọ́.

Ní ìsinsìnyí, fóònù tó wà lápò ọ̀dọ́ kan ní Ìbàdàn tàbí ní Kútọnu ń ya àwòrán tó mọ́ ju ti kámẹ́rà fídíò tí Heather gbé wọ igbó lọ, ìtàn ẹ̀dá inú igbó kò sì wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ó dájú pé àwọn kan yóò ṣe é. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tó sùn nínú òtútù ní Seneca Creek fi kan àwọn náà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Donahue, tó ti yí orúkọ rẹ̀ padà sí Rei Hance, àti Leonard àti Williams ti ń sọ pé owó tó kan àwọn nínú 250 mílíọ̀nù náà kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tí àwọn ṣe. Àwọn ni wọ́n ya àwòrán, àwọn ni wọ́n hun ọ̀rọ̀ ẹnu, orúkọ àti ojú wọn ni wọ́n fi ta ọjà. Ní ọdún 2024, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Lionsgate, tí ìtàn náà ti di tirẹ̀, kéde pé òun yóò tún un ṣe, wọ́n kọ lẹ́tà ní gbangba. Wọ́n béèrè owó ẹ̀yìn iṣẹ́ wọn. Wọ́n ní kí ilé-iṣẹ́ náà máa fi ọ̀rọ̀ lọ àwọn kó tó tún lo orúkọ tàbí ojú àwọn. Wọ́n sì ní kí ó ya 60,000 dọ́là sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún ọ̀dọ́ kan tí ayé kò tíì mọ̀, kí ó fi ṣe fíìmù rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ohun tí wọ́n béèrè tọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbèrò láti gbé fóònù wọ igbó, ẹ jókòó pẹ̀lú àwọn òṣèré yín kí ẹ tó tan kámẹ́rà. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí gbogbo yín fọwọ́ sí i: iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò gbà bí fíìmù náà bá ta, àti ẹni tí yóò ní àṣẹ lórí orúkọ àti ojú òṣèré lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí.